Àdììtú owó tó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn òbí wọn gbà á lẹ́nu wọn, àwọn tá a jọ ń ta ayò náà dá sí i. Ìbéèrè kan náà ni lójoojúmọ́, ni mo bá kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí ni ẹ ń pè ní àdììtú owó?

Ìtàn kúkúrú ni. Owó á ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ìbéèrè á sì wà ní ìparí rẹ̀: ta ló jèrè, ta ló pàdánù, èló ló kù? Ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ kò ju àròpọ̀ àti àyọkúrò lọ. Síbẹ̀, ẹni tó ti tajà fún ogún ọdún máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀.

Kò jọ àlọ́ àpamọ̀ tí a máa ń pa fún ọmọdé lálẹ́. “Òrúkú tindi tindi, òrúkú tindi tindi, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò.” Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ẹ̀wà ni, kò sí ìṣirò tó máa fi mọ̀ ọ́n. Ní ti owó, gbogbo ohun tẹ́ ẹ nílò ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ibi tí onítàn ti fi ọ̀rọ̀ yí yín lójú ni kẹ́ ẹ wá.

Èwo ni wọ́n máa ń bi yín jù?

Ti olè inú ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin kan yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Bísí, ó jí ₦1,000 nínú dúrọ́ọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà, ó padà dé bí oníbàárà. Ó ra ìrẹsì ₦700, ó fi ₦1,000 tó jí yẹn sanwó, Ìyá Bísí sì fún un ní ṣéńjì ₦300. Èló ni Ìyá Bísí pàdánù?

₦1,000 ni. Owó tó jí ti padà sínú dúrọ́ọ̀ nígbà tó fi sanwó. Nígbà tí olè ń lọ sílé, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìrẹsì ₦700 àti owó ₦300. Ohun tó wà lọ́wọ́ olè yẹn gan-an ni kò sí lọ́wọ́ Ìyá Bísí mọ́.

Ṣé kì í ṣe ₦1,300 ni? Tàbí ₦1,700? Tàbí ₦2,000?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, ₦1,300 lèmi náà kígbe, níwájú àwọn ọmọ. Mo ro ₦1,000 tó jí pọ̀ mọ́ ₦300 tó gbà ní ṣéńjì. Ẹni tó ní ₦1,700 ro owó tó jí pọ̀ mọ́ ìrẹsì. Ẹni tó ní ₦2,000 ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wa gbàgbé: ọkùnrin yìí sanwó.

Ẹ fa ìlà kan sí àárín ìwé. Ní apá òsì, ẹ kọ ohun tó jáde lọ́wọ́ Ìyá Bísí: ₦1,000 tí olè mú, ìrẹsì ₦700, ṣéńjì ₦300. Ó di ₦2,000. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tó wọlé: ₦1,000. Ẹ yọ ọ̀tún kúrò lára òsì. Ẹni tó bá kọ apá òsì nìkan, tó sì da bírò sílẹ̀, ni ₦2,000 ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀nà wo lẹ fi ń yanjú irú ìbéèrè yìí?

Mo máa ń kó ọmọ ayò jáde. Ọmọ ayò kan jẹ́ ₦100. Ọmọ kan á ṣe Ìyá Bísí, ọmọ kan á ṣe olè, èkùrọ́ méje á dúró fún ìrẹsì. Wọ́n á ṣe é bí ìtàn náà ṣe wí, láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá parí, mo máa ní kí kálukú ka ohun tó wà níwájú rẹ̀, kí wọ́n fi wé iye tó wà níbẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọmọ tó ti bá mi jiyàn lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn àgbàlagbà tí kì í fọwọ́ kan ọmọ ayò náà ló ń jiyàn.

Ohun tí eré yìí ń fi hàn ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa ka àpò rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àpò ta ni? Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Kí ló wà níbẹ̀ báyìí? Tẹ́ ẹ bá wá ka gbogbo àpò tán, ohun tó dín nínú àpò àwọn kan gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tó lé nínú àpò àwọn yòókù. Tí kò bá bára mu, ẹ ti fo ẹnì kan, tàbí ẹ ti ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì.

Tó bá jẹ́ owó tirẹ̀ ni olè náà fi ra ìrẹsì, tó fi ₦1,000 tó jí sílé ńkọ́?

₦1,000 náà ni. Rírà tó ra ìrẹsì kò mú àdánù wá: ó kó ₦1,000 sílẹ̀, ó gba ọjà àti owó tó jẹ́ ₦1,000 lọ. Bó ra ìrẹsì, bó ra tọ́mtọ́m, bí kò ra nǹkan kan, jíjí tó jí ni àdánù. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìrẹsì yẹn, wọ́n fi dí yín lójú ni.

Ṣùgbọ́n Ìyá Bísí jèrè lórí ìrẹsì. Ṣé kò yẹ ká yọ èrè náà?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, àwọn tó ń tajà ló sì máa ń bi mí. Ká ní ₦550 ni Ìyá Bísí ra ìrẹsì yẹn kó tó fi ₦150 lé e. Ohun tó jáde lápò rẹ̀ gan-an ni ₦300 owó àti ìrẹsì tó ná an ní ₦550. Ìyẹn jẹ́ ₦850.

Ẹ tún lè gbà á láti ọ̀nà kejì: olè jí ₦1,000, àmọ́ nígbà tó padà wá rajà, òun náà jẹ́ oníbàárà, ó sì mú èrè ₦150 wá. Ẹ yọ ₦150 kúrò nínú ₦1,000, ₦850 náà lẹ máa bá níbẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń mọ̀ pé mi ò ṣìṣe.

Èwo wá ni ìdáhùn? Ó wà lọ́wọ́ ọjà. Tí ìrẹsì bá wà ní àpò mẹ́wàá nílẹ̀, tí kò sẹ́ni tó máa ra kóńgò yẹn lọ́jọ́ náà bí olè kò bá rà á, ₦850 ni kí Ìyá Bísí kọ sínú ìwé rẹ̀. Tó bá jẹ́ kóńgò tó kù nìyẹn, tí ẹlòmíràn sì dé lẹ́yìn olè tó ń wá a tí kò rí i, èrè ₦150 tí ìyẹn ì bá mú wá ti lọ, àdánù padà di ₦1,000. Lórí pátákó nínú kíláàsì, ₦1,000 ni mo máa ń kọ, torí pé ìtàn náà kò dárúkọ iye tó ra ọjà. Ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ iye tó rà á wá fúnra rẹ̀, mi ò ní kó jókòó.

Ó tún bu èènì fún un. Ṣé èènì wà nínú àdánù?

Rárá. Èènì ti wà nínú iye tó dá lé ọjà láti ilẹ̀. Ẹni tó bá sanwó ló ń gbà á, olè yìí sì sanwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó onílé ló fi san án.

Oníbàárà mú ayédèrú ₦1,000 wá, Ìyá Bísí lọ ṣẹ́ ẹ lọ́dọ̀ aládùúgbò. Èló ló pàdánù?

Bí ìtàn náà ṣe lọ rèé. Oníbàárà ra ìrẹsì ₦700, ó na ₦1,000 sílẹ̀. Ìyá Bísí kò ní ṣéńjì. Ó rán Bísí sí Àlàájà tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Àlàájà gba owó náà, ó fún un ní ọgọ́rùn-ún mẹ́wàá. Oníbàárà gba ìrẹsì àti ₦300, ó lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Àlàájà wo owó náà lójú iná, ó rí i pé ayédèrú ni, ó dá a padà, Ìyá Bísí sì fún un ní ₦1,000 tòótọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ₦2,000 ni àdánù: ₦1,000 fún Àlàájà, ₦1,000 fún oníbàárà.

₦1,000 ni. Ẹ ka àpò Àlàájà: ó fi ₦1,000 sílẹ̀, ó gba ₦1,000 padà. Kò jèrè, kò pàdánù. Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá, ẹ ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ó wá ku oníbàárà, tó mú bébà lásán wá, tó kó ìrẹsì ₦700 àti ₦300 lọ. Lọ́wọ́ Ìyá Bísí ló ti kó o.

Tí Ìyá Bísí bá ní òun kò mọ̀ ọ́n, pé owó tòótọ́ lòun rán ọmọ òun? Nígbà náà, ₦1,000 Àlàájà ló sanwó ìrẹsì, Ìyá Bísí kò pàdánù kọ́bọ̀, àdánù sì bọ́ sórí Àlàájà. Àdánù yẹn kò pọ̀ sí i, kò sì dín kù. Ó kàn ṣí lọ sílé kejì ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ronú pé òun á ná an fún ẹlòmíràn kóun má baà pàdánù. Báǹkì kì í fi ojúlówó pààrọ̀ ayédèrú, òfin báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 sì ka ọ̀rọ̀ ayédèrú owó sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n.

Ti alẹ́ẹ̀tì ayédèrú ńkọ́?

Ìtàn kan náà ni, fóònù ló rọ́pò bébà. Ọjà ₦12,000, oníbàárà ní òun ti ṣe tránsífà ₦15,000, ó ní kẹ́ ẹ fún òun ní ₦3,000 tó lé kóun fi wọ ọkọ̀. Ẹ fún un. Alẹ́ẹ̀tì kò jẹ́ òótọ́. ₦15,000 lẹ pàdánù: ọjà ₦12,000 àti owó ₦3,000. Àwọn kan máa ń sọ pé ₦18,000, wọ́n ro ₦15,000 tí kò wọlé mọ́ ₦3,000 tó jáde. Ohun tí kò wọlé kì í ṣe ohun tó jáde.

Mo ní ₦5,000, mo ná an tán, àmọ́ àròpọ̀ ohun tó ń kù di ₦5,100. Níbo ni ₦100 ti wá?

Ẹ ná ₦2,000, ó ku ₦3,000. Ẹ ná ₦1,500, ó ku ₦1,500. Ẹ ná ₦900, ó ku ₦600. Ẹ ná ₦600, kò ku nǹkan kan. Ohun tẹ́ ẹ ná jẹ́ ₦5,000 géérégé. Àmọ́ ẹ ro 3,000 pọ̀ mọ́ 1,500 àti 600: ó di 5,100.

Kò ti ibì kankan wá, torí pé kì í ṣe owó. ₦600 tó kù lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta wà nínú ₦1,500 tó kù lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, ìyẹn náà sì wà nínú ₦3,000. Owó kan ṣoṣo lẹ ń kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fi ₦100 ₦100 ná ₦5,000 yẹn, kẹ́ ẹ sì máa ro ohun tó ń kù pọ̀: 4,900, 4,800, 4,700, títí dé 100. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦122,500. Tó bá jẹ́ owó ni, mi ò ní kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní ìṣirò mọ́.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta nílé ìtura: níbo ni ẹgbẹ̀rún kan wọlé sí?

Dọ́là ọgbọ̀n ni wọ́n fi ń sọ ọ́ ní Amẹ́ríkà, náírà la fi ń sọ ọ́ níbí. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta fẹ́ sun ilé ìtura mọ́jú. Wọ́n ní yàrá jẹ́ ₦30,000, kálukú mú ₦10,000 wá. Ọ̀gá ilé ìtura wá rántí pé ₦25,000 ni yàrá yẹn, ó kó ₦5,000 fún ọmọ iṣẹ́ pé kó lọ dá a padà. Ọmọ iṣẹ́ wò ó pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún kò ṣe é pín dọ́gba fún ẹni mẹ́ta, ló bá fi ₦2,000 sápò, ó fún kálukú ní ₦1,000. Wọ́n wá ní: kálukú ti san ₦9,000, ó di ₦27,000. Ọmọ iṣẹ́ ní ₦2,000 lọ́wọ́, ó di ₦29,000. Ẹgbẹ̀rún kan yòókù dà?

Kò sí ẹgbẹ̀rún kankan tó sọnù. ₦2,000 tó wà lápò ọmọ iṣẹ́ wà nínú ₦27,000 náà: ₦25,000 wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, ₦2,000 wà lọ́dọ̀ ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó bá tún rò ó mọ́ ₦27,000 ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà dé ₦30,000, ₦3,000 tó padà sọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta lẹ máa rò mọ́ ọn.

Èdè wa ti tú àṣírí yìí láti ọjọ́ pípẹ́, a kàn kì í fetí sí i ni. Ẹ pe mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n jáde lẹ́nu: ẹ̀ta ló dín nínú ọgbọ̀n. Ẹ̀ta yẹn ni ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tó padà sọ́wọ́ wọn. Ẹ pe márùndínlọ́gbọ̀n: àrún tó dín ni ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí ọ̀gá kó sílẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá wá pe mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹ bi onítàn: ọ̀kan tó dín níhìn-ín, ta ló mú un? Kò sẹ́ni tó fi ẹgbẹ̀rún kan sílẹ̀ níbì kan, kò sẹ́ni tó gbà á. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe owó ẹnikẹ́ni nínú ìtàn náà.

Ó ṣì ń rú mi lójú. Kí ló dé tó fi jọ pé ó kù díẹ̀ kó pé ₦30,000?

Torí pé wọ́n yan iye náà dáadáa ni. Ẹ yí i padà. Ká ní ₦20,000 ni iye yàrá gan-an. Ọ̀gá dá ₦10,000 padà, ọmọ iṣẹ́ fi ₦1,000 sápò, ó fún kálukú ní ₦3,000. Kálukú san ₦7,000, ó di ₦21,000. Ẹ ro ₦1,000 ọmọ iṣẹ́ mọ́ ọn, ₦22,000. Ṣé ẹnikẹ́ni á wá béèrè pé ₦8,000 dà? Kò sẹ́ni tó máa bi yín, torí pé kò sí ìdí kankan tí 22 fi gbọ́dọ̀ di 30. Kò sí ìdí tí 29 náà fi gbọ́dọ̀ dì í. Ó kàn sún mọ́ ọn ni, ìyẹn ló sì ń tan ojú.

Ọkùnrin kan ra ẹṣin lẹ́ẹ̀mejì. Èrè mélòó ló jẹ?

Ó ra ẹṣin ní dọ́là 60, ó tà á ní 70. Ó tún rà á padà ní 80, ó tún tà á ní 90. Norman Maier àti Burke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, lo ìbéèrè yìí nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1967, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́sẹ̀. Wọ́n á ní: ó jèrè 10, ó pàdánù 10 nígbà tó rà á padà, ó tún jèrè 10. Nítorí náà, 10.

Dọ́là 20 ni. Gbogbo owó tó san jẹ́ 140, gbogbo owó tó gbà jẹ́ 160. Tí kò bá wọlé sí yín lórí, ẹ sọ ẹṣin kejì di màlúù: ó ra ẹṣin 60, ó tà á 70, ó ra màlúù 80, ó tà á 90. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ó pàdánù láàárín méjèèjì mọ́. Òótọ́ ni pé tó bá ti di ẹṣin náà mú títí ó fi dé 90, ì bá jèrè 30. Ìyẹn jẹ́ àbámọ̀, kì í ṣe àdánù. Àbámọ̀ kì í sí nínú dúrọ́ọ̀.

Búrẹ́dì àti ẹyin jẹ́ ₦1,100. Búrẹ́dì fi ₦1,000 ju ẹyin lọ. Èló ni ẹyin?

₦50. Tẹ́ ẹ bá sọ pé ₦100, búrẹ́dì á di ₦1,100, àpapọ̀ wọn á sì di ₦1,200.

Igi ìgbábọ́ọ̀lù àti bọ́ọ̀lù ló wà nínú ti òyìnbó. Olùwádìí kan, Shane Frederick, fi í ṣe ọ̀kan nínú ìbéèrè mẹ́ta tó gbé jáde ní 2005. Nínú àwọn 3,428 tó dáhùn wọn, ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdá 33 kò sì gba ẹyọ kan. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín.

Àwọn ọlọ́sàn méjì da ọjà pọ̀, ₦100 sì wọ́n. Ta ló jí i?

Ìyá Àyọ̀ ní ọsàn wẹ́wẹ́ ọgbọ̀n, mẹ́ta fún ₦100. Ìyá Délé ní ọsàn ńláńlá ọgbọ̀n, méjì fún ₦100. Lójoojúmọ́, Ìyá Àyọ̀ ń pa ₦1,000, Ìyá Délé ń pa ₦1,500, àpapọ̀ rẹ̀ ₦2,500. Lọ́jọ́ kan, ara Ìyá Délé kò yá, ó ní kí Ìyá Àyọ̀ bá òun tà á. Ìyá Àyọ̀ da ọgọ́ta ọsàn pọ̀. Ó ní mẹ́ta fún ₦100, méjì fún ₦100, ó túmọ̀ sí márùn-ún fún ₦200. Ó tà á tán, ó ka owó: ₦2,400. Ìjà dé.

Kò sí olè. Ẹ jẹ́ ká tọ ọsàn náà lẹ́sẹ̀. Ká ní ìdì márùn-ún kọ̀ọ̀kan ní wẹ́wẹ́ mẹ́ta àti ńlá méjì. Lẹ́yìn ìdì mẹ́wàá, ọgbọ̀n wẹ́wẹ́ ti tán, ogún ńlá ti lọ. Ó ku ńlá mẹ́wàá. Ó yẹ kí mẹ́wàá yìí pa ₦500, méjì fún ₦100. Àmọ́ Ìyá Àyọ̀ ṣì ń ta márùn-ún fún ₦200, ó pa ₦400. Ibẹ̀ ni ₦100 gbà lọ: ó ta ọsàn ńlá ní iye tó yẹ kí wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Inú agbọ̀n oníbàárà ló wà.

Ìbéèrè yìí ti dàgbà. Ó wà nínú àkójọ kan tí wọ́n so mọ́ orúkọ Alcuin, ọ̀mọ̀wé ará York tó kú ní 804, àmọ́ òdìkejì rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Oníṣòwò méjì ra ẹlẹ́dẹ̀ 250 ní owó 100, márùn-ún fún méjì. Wọ́n pín in sí 125 àti 125, wọ́n ta àwọn tó sanra ní méjì fún ẹyọ owó kan, wọ́n ta àwọn yòókù ní mẹ́ta fún ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n ta 120 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, 60 àti 40 wọlé. Ojú owó wọn ti pé padà, ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́wàá sì ṣì wà nílẹ̀. Ohun tí dídàpọ̀ mú kúrò lọ́wọ́ Ìyá Délé ni pínpín mú wá fún wọn.

Àlejò kan fi ₦20,000 sílẹ̀, gbèsè gbogbo ìlú sì san tán. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Àlejò wọ ilé ìtura, ó fi ₦20,000 dógò, ó ní òun fẹ́ gòkè lọ wo yàrá. Onílé ìtura sáré gbé owó náà lọ fún alápatà tí òun jẹ ní gbèsè. Alápatà gbé e fún oníṣòwò màlúù. Oníṣòwò màlúù gbé e fún télọ̀. Télọ̀ náà jẹ gbèsè gbọ̀ngàn tó fi ṣe ìnáwó nílé ìtura yẹn, ó gbé e padà wá. Àlejò sọ̀ kalẹ̀, ó ní yàrá kò wu òun, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Kò sẹ́ni tó jèrè, síbẹ̀ gbèsè mẹ́rin ti kú.

Ó ṣeé ṣe, kò sì sí idán níbẹ̀. Ẹ ka àpò kọ̀ọ̀kan kí àlejò tó dé: alápatà jẹ gbèsè ₦20,000, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní ₦20,000. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn. Òfo ni kálukú láti ilẹ̀. Tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti jókòó sábẹ́ igi kan ṣoṣo, tí wọ́n sì tú ìwé gbèsè wọn, wọn ì bá ti fi bírò fa ìlà sí i láìsí àlejò. Ohun tí owó náà ṣe ni pé ó kó wọn jọ láìjẹ́ pé wọ́n pàdé. Báǹkì náà kì í gbé owó fún ara wọn lórí tránsífà kọ̀ọ̀kan. NIBSS, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó tó ń lọ láàárín àwọn báǹkì Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, ló ń bá wọn ṣírò ẹni tó jẹ ẹlòmíràn, ìyàtọ̀ tó bá kù nìkan ni wọ́n ń san.

Ibi tí ewu wà nìyí: tí télọ̀ kò bá jẹ onílé ìtura ní nǹkan kan, owó náà á dúró sọ́wọ́ télọ̀. Àlejò á sọ̀ kalẹ̀, á béèrè owó rẹ̀, onílé ìtura á sì wá ₦20,000 mìíràn jáde níbikíbi tó bá ti lè rí i.

Tí ₦20,000 àlejò yẹn bá jẹ́ ayédèrú látòkè délẹ̀ ńkọ́?

Tí kò bá sẹ́ni tó mọ̀ títí tó fi padà sọ́wọ́ àlejò, gbogbo gbèsè ti san, kò sì sẹ́ni tó pàdánù kọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé kò dùn létí. Àmọ́ ẹ ka àpò wọn: kò sí ayédèrú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, kò sì sí gbèsè mọ́. Ohun tí fífa ìlà sí ìwé ì bá ṣe ni bébà yẹn ṣe.

Tí télọ̀ bá nà án sókè sí oòrùn tó sì rí i, ó máa dá a padà fún oníṣòwò màlúù, ìyẹn á dá a padà fún alápatà, alápatà á mú un lọ bá onílé ìtura, gbèsè mẹ́ta tó ti kú á sì jí, ti télọ̀ kò tíì kú rí. Wọ́n padà síbi tí wọ́n wà láàárọ̀, kò sí àdánù síbẹ̀.

Àfi tó bá jẹ́ pé yàrá náà wu àlejò, tó sùn mọ́jú, tó sì ti lọ. Nígbà náà, bóyá télọ̀ rí i tàbí kò rí i, ọ̀dọ̀ onílé ìtura ni bébà yẹn máa sùn sí, owó yàrá alẹ́ ọjọ́ kan ni ó sì pàdánù.